Owó Oṣù Tó Fẹ́ Kan Orí

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Télọ̀ ti ń wá ìwé owó oṣù ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rí i kó lè fi han ẹnikẹ́ni o. Ó fẹ́ rí i kó lè gbé e pamọ́ ni.

Ó ti tú àpótí aṣọ palẹ̀. Ó ti ki orí bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí eruku fi hu irùngbọ̀n funfun fún un. Ó ti ṣí ìkòkò ìrẹsì, ó ti nawọ́ sí i, ó sì ti fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kíá, nítorí ìrẹsì ọ̀hún wà lórí iná, ó ń hó.

"Orí fìríìjì ni mo gbé e sí," ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "lábẹ́ agolo tíì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e síbẹ̀ lánàá."

"Ìwé ò lẹ́sẹ̀, Ìyá Ọ̀pẹ́."

"Èyí ti hu ẹsẹ̀."

Télọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀ tó jóná. "Kò burú. Tó bá dé, a ó ní ajá jẹ ẹ́."

"A ò lájá."

"A lè yá ọ̀kan."

Ẹ̀rín fẹ́ pa obìnrin náà, ṣùgbọ́n aago ló ń wò.

Má-Mì ni wọ́n ń pè é. Ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, bó bá ti di apá èèyàn mú, tí abẹ́rẹ́ kò tíì kan awọ, ohun tó máa ń sọ nìyẹn: "Má mì, olùfẹ́ mi, má mì." Ohùn rẹ̀ á rọ̀ débi pé ọkùnrin tó wọlé pẹ̀lú ariwo á fẹ́ sùn lọ lórí àga. Ó máa ń rí iṣan lára ẹni tí dókítà mẹ́ta ti wá a tì. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ló ń gbọ̀n, nítorí Àǹtí Oníbèéèrè ń bọ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí Má-Mì ti gba ìwé-ẹ̀rí ló máa ń rán Oníbèéèrè yìí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á gbé fọ́ọ̀mù kiri ilé àwọn tó jáde níbẹ̀, á bi wọ́n ní iye tó ń wọlé fún wọn, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè mọ bí owó oṣù wọn ṣe ń gòkè sí. Ọdún keje rèé tó ń wá sílé yìí. Ọdún mẹ́fà ni Má-Mì ti dá a lóhùn, ọdún kìíní nìkan ló sì dá a lóhùn òótọ́.

Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn tó wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, ẹ ó rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Lápá òsì ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsù sàmì sí bí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣe ń ga sí i. Lápá ọ̀tún ni Bàbá Géètì ti ń sàmì sí owó oṣù ìyá ọmọ. Bàbá Géètì ni bàbá tó bí Má-Mì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣí géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, tó fi tì í, lọ́jọ́ tí ọmọ tirẹ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá tòun ti ìwé lábíyá, ó dúró ṣánṣán, ó kí i bí ẹni kí ọ̀gá pátápátá. Òun ló ṣòfin férémù yìí: ẹgbẹ̀rún kan, àmì kan lórí téèpù àna rẹ̀. Ọdún kìíní, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Bàbá fa ìlà síbẹ̀.

Ní ọdún kejì, nígbà tí Oníbèéèrè ní, "Ṣé wọ́n ti fi nǹkan kún un?", Bàbá ti gbé pẹ́ńsù, ọwọ́ rẹ̀ sì ti lọ sókè ju ìlà àkọ́kọ́ lọ, ó ń dúró, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní súìtì. Má-Mì wo ọwọ́ yẹn. Kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. "Méjìléláàádọ́rùn-ún," ló bá wí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ọ̀hún ń gòkè lọ́dọọdún, ó kọjá àyà, ó kọjá ọrùn, ó kan imú. Lọ́dún tó kọjá ó di ọgọ́jọ, ó sì ku ìka mẹ́ta péré kó kan àtàrí Má-Mì gan-an. Owó gidi ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi nǹkan kún un láti ìgbà yẹn, ẹgbẹ̀rún méjì nígbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn sì bá lẹ́tà ìdúpẹ́ olójú-ìwé mẹ́ta rìn.

Ì bá ṣì ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lánàá, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù: lọ́dún yìí, kí ẹ jọ̀wọ́ fi ìwé owó oṣù yín hàn wá. Lánàá kan náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba lẹ́tà pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà á wọlé, iṣẹ́ kan náà, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan náà tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn láti fọwọ́ sí i. Oníbèéèrè ni yóò bá wọn mú un padà. Kí ló mú ọmọ náà yan ibẹ̀? Ó kàn nàka sí férémù ilẹ̀kùn ni.

"Ká sọ fún un kí obìnrin yẹn tó dé," ni Má-Mì wí.

"Sọ fún un níwájú Bàbá?"

"Ìwọ lo ní kí n fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un lọ́dún kẹfà."

"Ṣé èmi ni mo ní kí Ìyá Fèrèsé ilé kejì wá dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn ni? O fẹ́ kí n jẹ́ kó gbọ́ pé owó oṣù ọkọ òun ju tìyàwó mi lọ?"

"Ṣé o rí i báyìí? Ẹnu rẹ."

"Ẹnu mi kọ́. Etí rẹ̀ ni."

Télọ̀ tún ki orí bọ abẹ́ àga. Má-Mì nu ọwọ́ lára aṣọ, ó sì gba ilé ìdáná lọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wà níbẹ̀, ó gbé páálí kan mọ́ àyà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá tẹ̀ ba láti wo inú ìkòkò, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ká a sí méjì.

"Màámi, ẹ dijú."

"Mo ń se ìrẹsì."

"Ìrẹsì ò ní sá lọ. Ẹ dijú."

Má-Mì dijú. Nígbà tó là á, kéèkì ló rí, kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ, ṣúgà funfun lára rẹ̀. Wọ́n fi ṣúgà pupa kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀: Ó TI KAN ORÍ.

"Owó tí mo kó jọ nígbà tí mò ń bá wọn ta bébà ni mo fi rà á," ni ọmọ náà wí. "Mo ní kí wọ́n fi pupa kọ ọ́, torí pé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ yín. Ẹni tó ṣe é rò pé orí ń fọ́ ẹnìkan."

Má-Mì wo kéèkì náà. Ìrẹsì ń hó. "Ọ̀pẹ́, tí kò bá wá kan án ńkọ́?"

"Ìka mẹ́ta ló kù. Ọdọọdún ló ń lé ju ìka mẹ́ta lọ. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, Màámi. Tí mo bá jáde lẹ́yìn ọdún méjì, tí tèmi náà ń gòkè bíi tiyín, ẹ ò ní ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́. Ẹ ó máa sùn."

"Kì í ṣe ìṣirò ni mò ń sọ."

"Kí lẹ ń sọ?"

Má-Mì la ẹnu. Ohùn ẹlòmíràn ló jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olówó." Láti fèrèsé ni. Ìyá Fèrèsé ni wọ́n ń pe obìnrin ilé kejì yìí, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, wọn kò sì tíì rí ọjọ́ tó tì í. "Kí ni Télọ̀ ń lé kiri inú ilé láti àárọ̀? Ṣé aáyán ni?"

"Eku ni, Ìyá Fèrèsé."

"Eku wo ló ń sá wọ inú ìkòkò ìrẹsì tó wà lórí iná?" Kò dúró gba èsì. "Gílóòbù ẹnu ọ̀nà ti tún jó o. Mo ti ní kí gbogbo ilé fọkàn balẹ̀, pé Má-Mì wa á rà á. Ẹni tó ń gba ọgọ́jọ, kí ni gílóòbù kan jẹ́?"

"Mo ti gbọ́," ni Má-Mì wí. Gílóòbù mẹ́rin tó ṣáájú, òun náà ló rà wọ́n.

Nígbà tó fi máa yíjú padà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gbé kéèkì lọ sí pálọ̀, ó ń kọrin lẹ́nu.

Wọ́n jẹ ìrẹsì ní aago kan. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe dùn sí. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Géètì jáde láti yàrá rẹ̀ nínú kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, bọ́tìnnì dídán márùn-ún, fìlà iṣẹ́ lórí, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Bó ṣe máa ń múra lọ́jọ́ yìí lọ́dọọdún nìyẹn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ tábìlì pálọ̀ lọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ lósì. Ẹsẹ̀ kan tábìlì yẹn kúrú ju ìyókù lọ, bó bá sì ti di ọjọ́ àlejò, Bàbá ló máa ń wá bébà ká, tí á fi tì í.

"Ó dúró dáadáa," ni Bàbá wí. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó bá Télọ̀ níbẹ̀, lórí eékún. "Kí lò ń wá níbẹ̀, àna mi?"

"Bọ́tìnnì ni, Bàbá."

"Aláwọ̀ wo?"

"Funfun, Bàbá."

"Ó tóbi tó báwo?"

Kí Télọ̀ tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ya ìwọ̀n odindi ojú ìwé kan fún Bàbá. Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹni tó ń wọ bọ́tìnnì yẹn tóbi o," ló wí, ó sì jókòó.

Aago mẹ́ta lù, Oníbèéèrè kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún ni, oníwà pẹ̀lẹ́, báàgì rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Télọ̀ tó gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé okùn rẹ̀ ti já rí, pé òwú dúdú ni wọ́n fi rán aláwọ̀ ilẹ̀ náà, wọn ò sì rán an dáadáa. Má-Mì bu tíì fún un. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé kéèkì sí àárín tábìlì, ó fi páálí bò ó, ó wá gbé lẹ́tà rẹ̀ àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá lọ dúró ní férémù.

Oníbèéèrè kọ́kọ́ pín ìwé ìpolówó kan fún wọn, ìwé tó ń dán, tó nípọn. Àwòrán ọ̀dọ́langba kan tó ń rẹ́rìn-ín wà lójú rẹ̀, ìlà aláwọ̀ ewé kan sì gùn láti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ dé òkè ìwé. *Owó oṣù àwọn tó jáde lọ́dọ̀ wa ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méje.*

"Ẹ wò ó," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, "ó jọ férémù wa gẹ́lẹ́."

Ìyá rẹ̀ ò wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀," ni Oníbèéèrè wí. "Wákàtí mélòó lẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀?"

"Ogójì lórí ìwé," ni Má-Mì dáhùn. "Àádọ́ta lórí ẹsẹ̀."

"Ṣé wọ́n ti fi iṣẹ́ tuntun kún iṣẹ́ yín?"

"Mẹ́ta. Ẹ̀rọ tuntun. Ìwé tí akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Àti kíkọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní iṣẹ́."

"Àwọn wo lẹ ń kọ́?"

"Ọ̀gá mi wà lára wọn."

Oníbèéèrè kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọrọ nǹkan. "Ìwé owó oṣù yín..."

"Ajá jẹ ẹ́," ni Télọ̀ wí.

Lójú fèrèsé kejì, ẹnìkan húkọ́.

Ojú Oníbèéèrè ò yí padà. "Ilé mẹ́rìnlá ni mo ti wọ̀ lọ́sẹ̀ yìí," ló wí. "Ìwé ti sọnù ní ilé méjìlá. Ẹ̀yin nilé kẹta tí ajá ti jẹ ẹ́. Nínú ilé méjì tó kù, mi ò rí ajá níbẹ̀ náà." Ó mu tíì díẹ̀. "Kò burú. Ẹ kàn sọ iye rẹ̀ fún mi."

Bàbá ti yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ṣí kéèkì pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún gbé bírò. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ iye rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí, ó sì ti tẹ̀ ba mọ́ lẹ́tà náà. Ẹnu bírò kan ìwé.

Má-Mì ò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣàdédé rí i pé òun ti di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú, ìka mẹ́ta lórí iṣan, bó ṣe máa ń di ti aláìsàn mú.

"Má mì," ló wí. "Olùfẹ́ mi, má mì."

Bírò dúró.

"Mẹ́rinlélọ́gọ́rin," ni Má-Mì sọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, kò wo férémù. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rinlélọ́gọ́rin."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ìyá rẹ̀. "Lọ́sẹ̀?"

"Lóṣù."

"Látìgbà wo?"

"Kò tíì kọjá ibẹ̀ rí, Ọ̀pẹ́."

Má-Mì gbọ́ tí bàtà Bàbá dún lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ká ara jọ bí ẹni tí omi tútù fẹ́ dà lé lórí. Bàbá kọjá lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, díẹ̀díẹ̀, ó di etí tábìlì mú.

"Àna mi, bá mi gbé igun yìí sókè."

Télọ̀ gbé e. Tíì yọ̀ dà sínú àwo ìsàlẹ̀ ife. Bàbá nawọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ kúkúrú náà, ó fa ìdì bébà kan yọ, tó ti fẹ̀ pẹlẹbẹ bí bísíkíìtì, ó sì gbé e ka iwájú Oníbèéèrè. Méje ni wọ́n, wọ́n ká wọn sí mẹ́rin mẹ́rin. Èyí tó wà lókè pátápátá ṣì funfun nini, òórùn tíì ṣì wà lára rẹ̀.

"Ìwé tí ẹ ń wá rèé," ni Bàbá wí. "Kò sí ajá kankan."

Télọ̀, tó ti bá tábìlì yẹn lò láti àárọ̀, tó ti fi orí gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbé igun tábìlì dání, kò rántí sọ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá," ni Má-Mì wí, "ẹ mọ̀."

"Ta ló ń fọ bàtà funfun rẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo ti rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ ti fi òwú ṣòkòtò rán an lẹ́ẹ̀mẹta. Bàtà ẹni tí owó ń gòkè fún kọ́ nìyẹn." Ó jókòó, ó bọ́ fìlà. "Mo lọ wo inú garawa ìdọ̀tí, mo rí ìwé. Mo kà á. Géètì ni mo ṣí fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò fọ́jú."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fa ìlà?"

Bàbá yí fìlà lọ́wọ́. "O máa ń kọrin. Tí obìnrin yìí bá ti lọ, tí o bá wọ ilé ìdáná lọ fọ ife, o máa ń kọrin. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún. Mo ní bí ìlà kan ni wọ́n fi ń ra orin yẹn, kò wọ́n." Ó wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Àmọ́ lónìí, ọwọ́ ọmọ ti wà lórí ìwé. Bí o kò bá sọ ọ́, èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo dúpẹ́ pé o kò jẹ́ kí n ṣe é."

Má-Mì fi orí kan èjìká kóòtù náà, lórí ibi tí bọ́tìnnì àmì iṣẹ́ wà. Bàbá fi ọwọ́ bo orí rẹ̀.

"Èmi nìkan ni mi ò mọ̀ nílé yìí," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Kò pariwo. Bí kò ṣe pariwo yẹn ló dun ìyá rẹ̀ jù. Ọmọ náà gbé ìwé ìpolówó, ó fi ìka tọ ìlà aláwọ̀ ewé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Àǹtí, èyí ńkọ́? Ta ló fa èyí?"

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nílé kálukú ni wọ́n fi fà á," ni Oníbèéèrè wí.

"Gbogbo ilé ló ní férémù?"

"Kálukú ní tirẹ̀. Òmíràn, ìyá ọkọ ló jókòó síbẹ̀. Òmíràn, ẹ̀gbọ́n tó sanwó ilé-ìwé."

"Níbo lẹ̀yin ti kàwé?"

Oníbèéèrè ṣe bí ẹni tí kò retí kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè. "Níbẹ̀ náà. Ọdún méjì. Ìṣirò àti ìwé pípamọ́."

"Èló ni wọ́n ń san fún yín?"

"Ọ̀pẹ́," ni Télọ̀ kìlọ̀, igun tábìlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó bi mí." Ó gbé ìwé owó oṣù Má-Mì tó wà lókè, ó wò ó bí ẹni wo aṣọ tó wù ú nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá rẹ fi mẹ́fà jù mí lọ."

"Ta ló máa ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá yín?"

"Èmi ni mo máa ń bi ara mi."

"Kí lẹ máa ń kọ?"

Oníbèéèrè wo inú tíì rẹ̀. "Àádóje," ló wí.

Ṣé ẹ rántí fèrèsé? Ohùn kan ti ibẹ̀ wá, ó rẹlẹ̀, kò jọ ohùn rẹ̀ ti àárọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, owó oṣù ọkọ mi tí mo máa ń sọ fún yín, ẹ yọ ìdajì rẹ̀." Ó fi kọ́tìnnì bojú. "Màá ra gílóòbù yẹn."

Télọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, ó ti imú jáde. Oníbèéèrè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Bàbá, tí bọ́tìnnì márààrún ń mì láyà. Má-Mì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí òun ń ṣe.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ já téèpù kúrò lọ́rùn bàbá rẹ̀.

"Màámi, ẹ wá dúró síbí."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ wá."

Má-Mì lọ fẹ̀yìn ti férémù, lápá ọ̀tún, níbi tí irọ́ márùn-ún wà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó na téèpù láti ilẹ̀, ó kà á. Mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ó fi ọwọ́ di ibẹ̀ mú lára ìyá rẹ̀. Ìbàdí ni.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ níbi tó wà.

"Láti ìbàdí sísàlẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹsẹ̀ tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Ọwọ́ tó ń gún abẹ́rẹ́, ọ̀fẹ́. Ojú tó ń rí iṣan, ọ̀fẹ́. Ẹnu tó ń sọ pé má mì, ọ̀fẹ́. Orí tó fi ọdún méjì kàwé, ọ̀fẹ́." Ó yíjú sí Oníbèéèrè. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù."

"Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ńkọ́?"

Oníbèéèrè yí fọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun láti òkè délẹ̀. Ó wò ó bíi pé kò tíì yí i rí láti ọdún méje, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó pẹ́ kó tó gbé bírò kúrò. Nígbà tó ṣe tán, ó ti lẹ́tà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sọ́dọ̀ ọmọ náà láìgbà á.

"Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Ọjọ́ Ajé ni mo máa kó wọn wọlé. Ro ó dáadáa, kó o wá fi èyí tó o bá rò ránṣẹ́. Tí wọ́n bá bi mí léèrè, màá ní ajá gbé e lọ."

Ọmọ náà ká lẹ́tà rẹ̀, ó fi sápò. "Mo ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ náà," ó sọ fún ìyá rẹ̀, bíi pé wọ́n ń jà. "Mo fẹ́ mọ̀ bí ẹ ṣe ń rí iṣan yẹn. Owó ìdajì ara ni mi ò fẹ́."

"Èmi náà ò fẹ́ ẹ mọ́," ni Má-Mì wí. Ó na ọwọ́ sí téèpù. "Bàbá Ọ̀pẹ́, yá mi ní téèpù yìí lọ́jọ́ Ajé."

"Kí lo fẹ́ fi rán?"

"Ọ́fíìsì ọ̀gá mi ní ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ lọ fẹ̀yìn tì í, kó fojú ara rẹ̀ rí i."

Télọ̀ rántí tábìlì nígbà náà, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Tábìlì dà sí ẹ̀gbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ife yọ̀, kéèkì yọ̀ tẹ̀ lé e, ọwọ́ mẹ́rin ló di kéèkì mú létí tábìlì. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bébà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwé owó oṣù méje náà.

Oníbèéèrè gbé ìwé ìpolówó rẹ̀ tó ń dán. Ó ká a sí méjì, ìlà aláwọ̀ ewé kán láàárín. Ó ká a sí mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ kúkúrú náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ tábìlì lọ́tùn-ún àti lósì, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe.

"Ó nípọn dáadáa," ló wí. "Ó dúró."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gé kéèkì. Ó gé e yí ọ̀rọ̀ pupa náà ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé ibi tí wọ́n kọ ORÍ sí sọ́tọ̀ lódindi, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀. Èyí tó fẹ̀ ló tẹ̀ lé e, fún Oníbèéèrè. Wọ́n na ọ̀kan sí fèrèsé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lóde nígbà tí àlejò gbé báàgì rẹ̀, tí Télọ̀ ti fi òwú tó bá a mu tún okùn rẹ̀ rán. Má-Mì kó ife wọ ilé ìdáná. Bàbá Géètì kò kúrò lórí àga rẹ̀. Ó gbé fìlà lé eékún, ó dẹ etí sílẹ̀ sápá ilé ìdáná, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí i, òun náà sì dá ọwọ́ dúró. Omi ń ṣàn. Ife ń dún mọ́ ife. Omi dá. Télọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ fi ìka kan ètè.

Lẹ́yìn náà, orin náà bẹ̀rẹ̀, ó rẹlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó ríbi gbà.

Ní ilé kejì, Ìyá Fèrèsé pa rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ.